Okùn ọrùn épúrọ̀nù tó ń lọ́ lẹ́yìn fífọ̀: ṣé ẹ̀bi aṣọ ni àbí ẹ̀bi àwa télọ̀?

Àbúrò wa kan láti Òmù-Àrán ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Mo máa ń rán épúrọ̀nù fún àwọn tó ń se oúnjẹ òde àtàwọn oníbúrẹ́dì. Ara ẹ̀ kì í níṣòro, àpò ẹ̀ kì í níṣòro, okùn ọrùn ló ń dójú tì mí. Tí mo bá gbé e fún kọ́sítọ́mà, ó tẹ́jú bíi bébà, àmọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì péré, á lọ́, á dà bí okùn tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́, wọ́n á ní ó ń gé àwọn lọ́rùn. Mo ti yí aṣọ padà, mo ti fi hard stay, ohun líle tá a máa ń fi áyọ̀nù lẹ̀ mọ́ inú aṣọ, sí i, mo ti rán an ní ìlà mẹ́rin, pàbó. Ṣé kí n kúkú máa ra okùn báàgì ni? Kí ni mò ń ṣe tí ò dáa?"

Àbúrò, ìwọ náà kú iṣẹ́. Má bínú, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo débi okùn ewúrẹ́ yẹn, torí ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà gan-an nìyẹn ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Mo rán épúrọ̀nù 36 fún ilé oúnjẹ kan níbí ní Ìlọrin, mi ò ní dárúkọ wọn, kàkí aláwọ̀ ewé, ó rẹwà débi pé mo ya fọ́tò ẹ̀ kiri. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀ padà sínú àpò ìrẹsì, wọ́n dà á sílẹ̀ níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ọ̀kan ò sì tẹ́jú nínú okùn 36 yẹn. Wàláhì ilẹ̀ ò lanu ni. Mo tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo tún un rán láìgba kọ́bọ̀. Títú yẹn ló wá kọ́ mi níṣẹ́, torí bí mo ṣe tú ọ̀kan tán tí mo fi ọwọ́ pa á mọ́lẹ̀ lórí tábìlì, mo rí i pé aṣọ tó wà lókè àtèyí tó wà nísàlẹ̀ ò dọ́gba mọ́, ọ̀kan ti yọ kọjá ìkejì tó èékánná ìka kékeré, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo gé méjèèjì pọ̀, téèpù kan náà ni mo fi wọ̀n wọ́n.

Torí náà ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kó o mú kúrò lọ́kàn ni pé fífọ̀ ló ń lọ́ okùn yẹn. Fífọ̀ kàn ń tú àṣírí ni. Áyọ̀nù lo fi tẹ̀ ẹ́ kó o tó gbé e fún kọ́sítọ́mà, tí omi bá ti kàn án, gbogbo ohun tí áyọ̀nù bò mọ́lẹ̀ á yọjú. Wo maṣíìnì ẹ dáadáa. Nísàlẹ̀, eyín wà tó ń wọ́ aṣọ lọ sẹ́yìn, àmọ́ lókè kò sí eyín kankan, irin dídán lásán ni ẹsẹ̀ maṣíìnì tó tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. Aṣọ ìsàlẹ̀ ń rìn, tòkè ń fà sẹ́yìn. Ní sítíìṣì kan o ò lè rí i rárá, àmọ́ okùn ọrùn tó gùn tó ínṣì 24, tó o bá rán an ní sítíìṣì mẹ́sàn-án sí ínṣì kan, ó ti lé ní igba sítíìṣì, díẹ̀ díẹ̀ yẹn á ti kóra jọ. Wàá wá rán etí kan láti òkè wá sísàlẹ̀, wàá yí i níbẹ̀ láìgé òwú, wàá rán etí kejì padà sókè, gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ torí ó yá. O ti ti etí kan síwá nìyẹn, o ti ti ìkejì sẹ́yìn, bí ìgbà téèyàn méjì di aṣọ tútù mú tí wọ́n ń fún un. Okùn yẹn ti lọ́ kó tó kúrò lórí maṣíìnì.

Kó o tó yí ohunkóhun padà, mú ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n ti fọ̀, má fi áyọ̀nù kàn án o, tẹ́ ẹ sórí tábìlì, fi ìka tẹ orí kan mọ́lẹ̀, kó o wá wo bí ìhunjọ ẹ̀ ṣe dúró. Tó bá dàgẹ̀rẹ̀ láti etí kan sí ìkejì bíi bàmú lẹ́rẹ̀kẹ́, ohun tí mo ń sọ yìí ni, aṣọ méjèèjì ti yẹra fún ara wọn. Tó bá kóra jọ wínníwínní sí ibi tí òwú gbà nìkan, òwú tàbí ténṣọ̀n ni, ìyẹn bí maṣíìnì ṣe ń fa òwú le tó. Tó bá lé ròrò láàárín bí awọ tí omi gbígbóná jó, stay ló ti ṣí kúrò lára aṣọ. Tí gbogbo okùn bá yí lódindi láìsí ìhunjọ kankan lára ẹ̀, bó o ṣe gé e ló ń jà ẹ́. Ó ṣeé ṣe kó o rí méjì mẹ́ta pa pọ̀, èmi rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lára àwọn tèmi.

Ọ̀rọ̀ gígé yẹn ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ibẹ̀ la ti ń fi àìfẹ́ṣòfò ṣe ara wa léṣe. A máa gé ara épúrọ̀nù tán, a máa wá wo ìyókù, ibi tó bá ti gùn tó okùn la ti máa gé e, ó dábùú ni o, ó dàgẹ̀rẹ̀ ni o. Òwú tó bá etí aṣọ lọ gùn ni kó o máa gé okùn tẹ̀ lé, òun ló le jù, òun ni kì í nà. Èyí tó dábùú máa ń nà díẹ̀, èyí tó dàgẹ̀rẹ̀ tí à ń pè ní báyásì, rọ́bà ni kó o kà á sí. Tí aṣọ bá rọrùn fún yíya, kúkú ya á, má gé e, yíya á mú ọ tẹ̀ lé òwú kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀, sísọ́ọ̀sì kò lè bá ẹ ṣe ìyẹn. Kàkí àti jíìnsì ní tiwọn níwà lọ́tọ̀, torí ìlà wọn dàgẹ̀rẹ̀ látinú híhun. Ṣé o ti wọ jíìnsì rí tí ojú ìránṣọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ń yí bọ̀ níwájú ojúgun lẹ́yìn tó o fọ̀ ọ́ tán? Ohun kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi pọ́pílínì tó nípọn tàbí kọ́tìnì lásán ṣe okùn, ká tiẹ̀ ní kàkí ni ara épúrọ̀nù, tí mo bá ṣáà ti rí èyí tí àwọ̀ ẹ̀ bá a mu. Má sì gé etí aṣọ gan-an mọ́ okùn nítorí pé kì í tú. Mo mọ̀ pé ó dùn ún lò, mo ti lò ó rí, àmọ́ etí yẹn le ju àárín lọ, ó sì lè súnkì ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, á wá fa etí okùn kan wọlé bí ìdí ṣòkòtò olókùn.

Wàá ní ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òwú gígùn kì í nà. Kì í nà lóòótọ́, àmọ́ òun náà ló sábà máa ń súnkì jù. Tó o bá ti rí àwọn tó ń hun òfì ní Ìlọrin níbí, o mọ bí wọ́n ṣe máa ń na òwú wọn lọ jìnnà gbọọrọ, tí wọ́n á gbé òkúta lé e lórí lọ́hùn-ún kó lè le dan-in dan-in. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ń fa òwú gígùn ní tiwọn. Tí omi gbígbóná bá wá kan aṣọ lẹ́ẹ̀kínní, òwú tí wọ́n fà á sinmi, á padà síbi tó ti wá. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Sanford Cluett ló ṣe ọ̀nà tí wọ́n fi ń mú aṣọ súnkì nílé iṣẹ́ kó tó dọ́jà, ó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀ lọ́dún 1930, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Sanforized tó ò ń rí lára aṣọ kan ti wá, ìlérí wọn sì ni pé ohun tó kù tó máa súnkì ò ní ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn dáa o. Àmọ́ kọ́tìnì tá a rà ní yáàdì l'Ọ́jà Ọba láìní lébẹ́ẹ̀lì, ta ló fẹ́ jẹ́rìí ẹ̀? Rẹ ẹ́ sómi gbígbóná mọ́jú kó o tó gé e, sá a, kó o lọ̀ ọ́. Gbogbo ẹ̀ ni o, ti ara àti ti okùn àti tẹ́ẹ̀pù aláṣọ tó o bá fẹ́ fi sínú ẹ̀. Tí kò bá dá ẹ lójú, gé okùn kan, fi bírò sàmì sí ínṣì 20 lára ẹ̀, fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí wọ́n ṣe máa fọ̀ ọ́ nílé oúnjẹ, kó o tún un wọ̀n. Tí 20 bá di 19, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló lọ yẹn, aṣọ yẹn ò tíì ṣetán fún ẹ.

Hard stay tó o fi sí i, àbúrò, epo lo dà síná. Stay kì í sábà súnkì bí aṣọ ṣe ń súnkì, tí aṣọ bá kúrú tí stay dúró síbi tó wà, níbo ni ìyókù stay máa lọ? Á wú ni, gọ́ọ̀mù á ṣí kúrò, á di kókó kókó. Ohun míì ni pé ọ̀pọ̀ wa kì í lẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, a máa ń fi áyọ̀nù yọ̀ ọ́ lọ yọ̀ ọ́ bọ̀ bí ẹni ń lọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó o gbé áyọ̀nù lé e kó o dúró ni, kó o gbé e kúrò, kó o gbé e lé ibòmíì, kó o sì jẹ́ kó tutù kó o tó fọwọ́ kàn án. Okùn ọrùn ò nílò stay. Tó o bá fẹ́ kó nípọn, aṣọ kan náà tó o ti rẹ sómi ni kó o fi kún inú ẹ̀. Ìlà mẹ́rin tó o rán náà, mo mọ ohun tó o ń rò, o ń rò pé bí ìlà bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa dúró tó, àmọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan tún jẹ́ igba sítíìṣì míì tó ń ti aṣọ kiri. Méjì ti tó, ọ̀kan ní etí ọ̀tún, ọ̀kan ní etí òsì.

Òwú náà ní tiẹ̀. Òwú pọlísítà máa ń nà. Tí ténṣọ̀n bá le jù, ó ti nà bó ṣe ń wọlé sínú aṣọ, tó bá ṣe díẹ̀ á sinmi, á fa aṣọ jọ, ìgbà míì ó lè má hàn títí di ọjọ́ kejì, ìwọ á sì máa búra pé ó tẹ́jú nígbà tó o rán an tán. Dín ténṣọ̀n kù títí òwú òkè àti ti bọ́bìnnì á fi pàdé láàárín aṣọ. Jẹ́ kí sítíìṣì gùn díẹ̀, mílímítà mẹ́ta ni mò ń lò, kéékèèké máa ń há òwú aṣọ mọ́ra, pàápàá pọ́pílínì tí wọ́n hun pọ̀ dáadáa. Abẹ́rẹ́ 14 fún kàkí, 11 fún pọ́pílínì, abẹ́rẹ́ tó ti kú, sọ ọ́ nù jàre.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Mo máa gé aṣọ ní fífẹ̀ ínṣì mẹ́rin fún okùn tó máa jẹ́ ínṣì kan. Mo máa ká a sí méjì ní gígùn, mo máa lọ̀ ọ́ kí ojú àárín lè hàn, mo máa ṣí i, mo máa ká etí méjèèjì wá bá àárín, mo tún lọ̀ ọ́, mo wá pa á dé, mo lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Áyọ̀nù eléèédú tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, kò sóhun tó dà bíi ẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, ó wúwo, kì í sì í bá NEPA lọ, ṣáà ti ta omi sí aṣọ funfun kan kó o fi bò ó. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé okùn tí ẹ ò bá lọ̀ kẹ́ ẹ tó rán, ó máa lọ́. Mo máa wá fi pín-ìn-nì dì í ní ínṣì mẹ́ta mẹ́ta, mo máa rán etí tó ṣí sílẹ̀ ṣáájú, láti orí dé ìdí. Mo máa gé òwú. Mo máa padà sí orí kan náà, mo máa rán etí kejì, láti orí dé ìdí. Tó o bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ lónìí, má gbàgbé ibi tí mo ti gé òwú yẹn. Tí maṣíìnì ẹ bá ní ìdè tó ń dín bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ aṣọ kù, dín in, má sì fa aṣọ látẹ̀yìn, ọwọ́ ò gbọ́dọ̀ ran maṣíìnì lọ́wọ́ níbẹ̀. Tí kàkí tó nípọn bá ni, ká mẹ́rin á pọ̀ jù, torí níbi tí okùn ti pàdé ara épúrọ̀nù, ó lè tó aṣọ mẹ́jọ lórí ara wọn, abẹ́rẹ́ á ṣẹ́, ìdí míì nìyẹn tí mo fi ní kó o fi aṣọ tó fẹ́lẹ́ díẹ̀ ṣe okùn.

Ohun kan wà tí èmi náà pẹ́ kí n tó mọ̀. Okùn lè tẹ́jú, kó rán dáadáa, kó ṣì máa ká lọ́rùn ẹni tó wọ̀ ọ́. Ọrùn ò gún bíi rúlà. Okùn tó bá fẹ̀ tó ínṣì méjì, tó sì tọ́ gbọọrọ, etí ẹ̀ tó wà lápá èjìká ní ọ̀nà tó jìn láti rìn ju etí tó wà lápá ọrùn, inú á wá hunjọ, tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ báyẹn pẹ̀lú òógùn àti epo, ojú ìhunjọ yẹn ti di ilé. Tó bá sì kéré ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì lọ, á máa yí bíi ìgbáńtí. Ínṣì kan sí ínṣì kan àti ìdámẹ́rin ló bá mi lára mu jù. Wá wo ìdí ẹ̀ náà, ibi tó o ti rán an mọ́ àyà. A máa ń rán an kó dúró ṣánṣán, bẹ́ẹ̀ tí èèyàn bá wọ̀ ọ́, okùn ń fà sínú lọ sọ́dọ̀ ọrùn, ó di dandan kó ká níbi ìdí yẹn. Fi épúrọ̀nù wọ ọmọ iṣẹ́ kan kó o tó rán okùn mọ́ ọn, fi pín-ìn-nì dè é bó ṣe fẹ́ dúró fúnra ẹ̀, wàá rí i pé ó máa ń tẹ̀ sínú díẹ̀. Sàmì sí i, báyẹn ni kó o rán an. Ìṣẹ́jú méjì ni, ní ẹ̀ẹ̀kan péré fún pátánì kọ̀ọ̀kan.

Okùn báàgì ńkọ́? Kò burú. Ó ní etí tirẹ̀ lọ́tùn-ún lósì látinú híhun, kò sí aṣọ òkè kò sí tìsàlẹ̀, nítorí náà kò sóhun tó máa yẹra fún nǹkan kan, bí ọ̀já òfì ṣe máa ń tẹ́jú náà nìyẹn. Ẹnì kan tiẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi rí pé kí n fi òfì ṣe okùn épúrọ̀nù, mo ní ṣé ìyàwó la fẹ́ mú lọ kíṣìnì ni. Àmọ́ okùn báàgì oní-pọlísítà máa ń ha èèyàn lọ́rùn, nínú ooru ilé búrẹ́dì, wọ́n á bú ẹ, àwọ̀ ẹ̀ sì lè ṣí sára épúrọ̀nù funfun, fi omi gbígbóná dán an wò ná. Oní-kọ́tìnì rọ̀ lọ́rùn, àmọ́ òun náà ń súnkì, rẹ ẹ́. Tó o bá máa lò ó, oní-pọlísítà nìkan ni kó o fi iná àbẹ́là jó orí ẹ̀, ti kọ́tìnì máa gbiná mọ́ ẹ lọ́wọ́ ni. Èyí tó gba ẹ̀yìn kọjá bí àgbélébùú tí kò kan ọrùn rárá, àwọn oníbúrẹ́dì tó ń wọ̀ ọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ó ń jẹ aṣọ, owó ẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Olókùn kan gígùn tó ń gba inú ihò láti ìbàdí dé ọrùn, mi ò kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú ẹ̀ àyàfi pẹ̀lú okùn báàgì, torí tó bá ti yí nínú ihò yẹn lẹ́ẹ̀kan, ta ló máa tọ́ ọ jáde.

Mi ò ní tàn ẹ́, pẹ̀lú gbogbo èyí, alágbàfọ̀ tó bá fẹ́ bà á jẹ́ á bà á jẹ́. Tí wọ́n bá ń fún épúrọ̀nù, okùn ni wọ́n máa ń dì mú torí òun ló rọrùn, wọ́n á wé e mọ́ ọwọ́. Nínú maṣíìnì ìfọṣọ, okùn épúrọ̀nù mẹ́wàá á so mọ́ra wọn bí irun tí wọn ò yà. Wọ́n á tún fi okùn ọrùn kọ́ ọ sá, omi gbogbo ara ẹ̀ á máa fà á. Mo máa ń sọ fún kọ́sítọ́mà ní ojúkojú pé kí wọ́n dì í sínú àpò ìrọ̀rí kí wọ́n tó jù ú sí maṣíìnì, kí wọ́n fi ọwọ́ fa okùn gùn nígbà tó ṣì tutù, kí wọ́n fi ìsàlẹ̀ épúrọ̀nù kọ́ ọ sá, kí bílíìṣì má sì pọ̀ torí ó ń jẹ òwú kọ́tìnì. Àwọn kan ń gbọ́, àwọn kan ò gbọ́. Àwọn AATCC, ẹgbẹ́ kan l'Amẹ́ríkà tó ń ṣètò bí wọ́n ṣe ń dán aṣọ wò, ní àwòrán tí wọ́n fi ń gbé ojú ìránṣọ lé ìwọ̀n lẹ́yìn fífọ̀, 5 lèyí tó tẹ́jú pátápátá, 1 lèyí tó hunjọ jù. Mo jí ọgbọ́n yẹn, mo kan okùn márùn-ún mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù láti orí èyí tó dáa dé èyí tó bàjẹ́, ọ̀kan nínú àwọn 36 yẹn ni 1. Okùn tuntun tí mo bá rán, mo máa ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún kí n tó gbà iṣẹ́ ńlá, tí mo bá rí 4 mo dúpẹ́. 5 kì í wọ́pọ̀ láìlo áyọ̀nù, ẹni tó bá ní tòun jẹ́ 5 nígbà gbogbo, béèrè bóyá ó ń fọ̀ ọ́.

Àwọn tó wà lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà ẹ báyìí, má gbìyànjú àtifi áyọ̀nù tún un ṣe, o kàn máa padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì ni. Gba épúrọ̀nù náà, tú okùn nìkan, ara ẹ̀ ti súnkì tán, ìyẹn ti ṣe ẹ́ lóore, rán okùn tuntun tó o ti rẹ sómi mọ́ ọn. Tí iṣẹ́ bá gbé ẹ wá sí Ìlọrin, mú ọ̀kan nínú àwọn tó lọ́ yẹn bọ̀, bí wọ́n ṣe gbé e wá fún ẹ gan-an ni o, má lọ̀ ọ́.